Àárẹ̀ Ẹ̀yìn Àìsàn Kì í Ṣe Ìmẹ́lẹ́: Ẹ Bèèrè Bí Ọjọ́ Kejì Ṣe Rí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nítorí àwọn tí òtútù àyà, àrùn Kòrónà, ọ̀fìnkìn líle tàbí ikọ́ ife dá dùbúlẹ̀, tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, àmọ́ tí ara wọn ò tíì mókun. Ọ̀rọ̀ méjì làwọn tó yí wọn ká sábà máa ń sọ nípa wọn: "Ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é," tàbí "Ó ti ro ara rẹ̀ pa." Méjèèjì ló ń ṣèpalára. Ìtọ́jú tó bá ìsoríkọ́ mu lè dá ẹni tí àárẹ̀ ẹ̀yìn àìsàn ń bá fínra padà sórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi tó bá àárẹ̀ mu lè jẹ́ kí ìsoríkọ́ túbọ̀ rinlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo lèwo.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn. Tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibà ti lọ, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó, ó lè jẹun, ó sì lè máa lo oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò sọ pé agbára rẹ̀ ti padà. Àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ka oṣù fún ẹni tí òtútù àyà mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, ó yẹ kí ibà ti lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ó yẹ kí àyà dídùn àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dín kù gan-an, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ 6, kí ikọ́ àti èémí tí kì í délẹ̀ náà ti dín kù. Ní oṣù 3, èyí tó pọ̀ jù nínú àmì àìsàn náà á ti lọ, àmọ́ àárẹ̀ ṣì lè wà. Ó di oṣù 6 kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó sọ pé ara àwọn ti rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Oṣù 6 o! Ọ̀pọ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ kì í fún wọn ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ.

Ìdí kan tó ń fa ìdádúró yìí ni pé ibà gíga àti ìdùbúlẹ̀ máa ń jẹ iṣan. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2013 wọn iṣan iwájú itan àwọn aláìsàn 63 tó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Láàárín ọjọ́ 10, iṣan náà ti joro ní nǹkan bí ìdá 18 nínú 100. Iṣan yẹn la fi ń dìde lórí àga, òun la sì fi ń gun àtẹ̀gùn. Nílẹ̀ Kánádà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn 109 tí ẹ̀dọ̀fóró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n yè é, fún ọdún 5 gbáko. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò tán, síbẹ̀ tí wọ́n bá ní kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú 6, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ibi tó yẹ kí wọ́n rìn dé ni wọ́n ń rìn dé.

Eré ìdárayá ló ń wo irú àìlera iṣan yìí. Kí ẹni náà jókòó sórí àga tó dúró sán-ún, kó dìde kó sì tún jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí wàhálà, kó fi ẹyọ kan kún un. Kó máa jẹ oúnjẹ tó ń mú ẹran ara dàgbà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó má kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́. Ìrọ́jú díẹ̀ kò burú fún un, tí ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì bá ṣáà rí bó ṣe rí lánàá.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́, nítorí irú àárẹ̀ mìíràn wà tí kì í gba ìrọ́jú. Ẹni tó ní in lè fọ aṣọ díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó gba àlejò lẹ́yìn náà, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá títí ilẹ̀ fi ṣú. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ara á wó lulẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, ọ̀nà ọ̀fun á máa dùn bíi pé àìsàn fẹ́ padà, gbogbo oríkèé á máa ro ó, kò ní lè ka ìwé tó ojú ewé kan, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á sì di ohun tí kò lè gbà mọ́ra. Ìwólulẹ̀ yìí sábà máa ń dé láàárín wákàtí 12 sí 72 lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó sì lè lo ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ kó tó lọ. Nítorí pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹni náà kì í mọ̀ pé aṣọ tí òun fọ̀ ló fà á. Á di ẹ̀bi ru oúnjẹ àná, tàbí ojú ọjọ́, tàbí ọkàn ara rẹ̀. Tí ara bá sì tún yá díẹ̀, á sáré ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ti kó jọ, ìwólulẹ̀ mìíràn á sì tẹ̀ lé e. Àyípo yìí ló ń sọ àárẹ̀ oṣù 3 di ti ọdún 3.

Kì í ṣe Kòrónà ló mú un wọlé ayé. Lẹ́yìn SARS, àrùn èémí kan tó bá Kòrónà tan, tó jà lọ́dún 2003, àwọn oníṣègùn ní Hong Kong ṣàyẹ̀wò 233 nínú àwọn tó yè é, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún 3. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 40 ṣì ní àárẹ̀ tí kò lọ, nǹkan bí 40 sì ní àìsàn ọpọlọ tó nílò ìtọ́jú. Nílẹ̀ Ọsirélíà, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2006 tẹ̀ lé àwọn 253 tí ọ̀kan nínú àrùn mẹ́ta tó yàtọ̀ síra mú. Lẹ́yìn oṣù 6, 12 nínú 100 ni àárẹ̀ náà ṣì dì mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ lójú tiwa ni pé kì í ṣe ẹni tó ti ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀ ló ń kó sínú rẹ̀. Bí àìsàn náà ṣe le tó nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó máa pẹ́ níbẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ohun tí Kòrónà ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́: àmì àìsàn tó wà ní nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, tó ti lo oṣù 2 ó kéré tán, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Àárẹ̀, èémí kúkúrú àti ọpọlọ tí kò já geere wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá ìwólulẹ̀ ara yìí ló ń ṣe òun? Ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ 14 ló dára jù. Kó pín ọjọ́ sí mẹ́rin: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, òru. Ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kó kọ ohun tó ṣe àti ìṣẹ́jú tó fi ṣe é, kó sì fún àárẹ̀ rẹ̀ ní máàkì láti 0 dé 10. Kó kọ iṣẹ́ ọpọlọ náà sílẹ̀: ìpè orí fóònù, ìwé kíkà, àríyànjiyàn, owó tó jókòó ṣírò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn máa ń kọ ìrìn sílẹ̀, kó gbàgbé àlejò, bẹ́ẹ̀ àlejò wákàtí 2 lè ná an lágbára ju ìrìn ìṣẹ́jú 20 lọ. Tí ọjọ́ 14 bá pé, kó wá ọjọ́ tó burú jù, kó wo ohun tó ṣe lọ́jọ́ kan, ọjọ́ méjì àti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Tó bá rí irú ọ̀wọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti mọ ohun tó ń gbé e ṣubú.

Lẹ́yìn náà, kó wá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìrìn ìṣẹ́jú 15 bá ń wó o lulẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 7 tàbí 8, kó sì sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìsinmi tí a ń wí kì í ṣe wíwo fóònù lórí ibùsùn. Kó dùbúlẹ̀, kó pa ojú dé, láìsí rédíò, ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kódà lọ́jọ́ tí ara bá yá. Kó jókòó wẹ̀. Kó jókòó gé ẹ̀fọ́. Iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo lóòjọ́ ti tó: ẹni tó bá fọ irun kò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kó tó fi ohunkóhun kún un, ọ̀sẹ̀ 2 gbọ́dọ̀ kọjá láìsí ìwólulẹ̀ kankan, èyí tó máa fi kún un kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. NICE fúnra rẹ̀ ti yọwọ́ lọ́dún 2021 nínú ìlànà àtijọ́ tó ní kí àwọn tó ní àìsàn àárẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ máa fi kún eré ìdárayá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìwo bí ara wọn ṣe rí. Ó dùn wá pé àwọn kan ṣì ń pàṣẹ rẹ̀ fún aláìsàn títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká tún mẹ́nu kan ìdúró. Lẹ́yìn àìsàn líle, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti dìde dúró, àyà wọn á máa lù kì-kì-kì, òòyì á kọ́ wọn, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Wọ́n á ní ìpayà ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó, àmọ́ kí ẹnì kan wà nítòsí tó lè dì wọ́n mú. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n ka ìlù ọkàn rẹ̀. Kó wá dìde, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ògiri díẹ̀, kí wọ́n máa ka ìlù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 10. Tí òòyì bá fẹ́ gbé e, kó jókòó kíá. Bí ìlù ọkàn àgbàlagbà bá fi 30 ní ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i tí kò sì tún balẹ̀, nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ kò já wálẹ̀, kó mú àkọsílẹ̀ náà lọ bá dókítà. Fún àwọn tó wà láàárín ọdún 12 sí 19, iye náà jẹ́ 40. Omi púpọ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ tó há ẹsẹ̀ mọ́ra máa ń ṣèrànwọ́. Iyọ̀ náà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ fi kún iyọ̀ láìbéèrè.

Ní ti ọkàn wàyí. Ìsoríkọ́ lẹ́yìn àìsàn èémí kì í ṣe ìtàn o. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021 wo àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 236,000 tí Kòrónà mú. Láàárín oṣù 6, nǹkan bí 34 nínú 100 ni wọ́n kọ àìsàn ọpọlọ tàbí ti iṣan ọpọlọ sílẹ̀ fún, 13 nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣe rí. Ohun tó ń tan àwọn oníṣègùn jẹ ni ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Máàkì 10 sókè nínú 27 ni wọ́n fi ń fura sí ìsoríkọ́. Àmọ́ márùn-ún nínú ìbéèrè náà ló dá lórí oorun, àárẹ̀, oúnjẹ, ìfọkànsí àti bí ara ṣe ń wọ́ tàbí ṣe ń ṣe wàdùwàdù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn lè gba máàkì tó tó 15 nínú márùn-ún yìí nìkan, kó má sì ní ìsoríkọ́ rárá. Nítorí náà, ẹ wo ìbéèrè kìíní àti ìkejì: ṣé nǹkan tó ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọ mọ́? Ṣé ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì, ṣé o rò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ? Ẹni tí àárẹ̀ ń ṣe á ní, "Mo fẹ́ jáde, mo fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ mi, ara ni kò jẹ́." Ẹni tí ìsoríkọ́ mú á ní, "Kò wù mí mọ́." Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí ikú àti ṣíṣe ara ẹni léṣe, kò ṣeé fò rárá. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ dá wà. Kí wọ́n kó oògùn àti ohun olóró kúrò nítòsí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Méjèèjì sì lè jọ wà lára ẹnì kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú méjèèjì. Ìsoríkọ́ ní oògùn, ó sì ní ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu. Oògùn rẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá pa á tì ní ọjọ́ 7 kò tíì gbìyànjú ẹ̀. Kò sì dára kéèyàn já a lójijì. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni pé nígbà tí wọ́n bá ń gba olùsoríkọ́ níyànjú pé kó máa jáde, kó máa ṣe nǹkan, kí iṣẹ́ náà má kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àwọn tó lo ọjọ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe tún ní ẹrù tiwọn. Oògùn oorun àti ibà máa ń jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀: pé nọ́ọ̀sì fẹ́ pa wọ́n, pé wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìrántí irọ́ yìí máa ń dúró pẹ́, á sì máa jí wọn lóru. Tó bá ti kọjá oṣù 1 tí àlá burúkú kò lọ, tí ìró ẹ̀rọ kan ń dá jìnnìjìnnì bò wọ́n, tí wọn ò sì fẹ́ gba ọ̀nà ilé ìwòsàn kọjá, ọgbẹ́ ọkàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Ìwé kan tí mọ̀lẹ́bí àti nọ́ọ̀sì ń kọ lójoojúmọ́ nígbà tí aláìsàn kò mọ ohun tó ń lọ máa ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn náà láti ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àlá. Àwọn oògùn kan náà ń da ọkàn rú. Dexamethasone, tí wọ́n ń fún àwọn tí Kòrónà líle mú, lè gba oorun lójú èèyàn, ó sì lè jẹ́ kí inú máa bí i ṣáá. Cycloserine, tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ife tí oògùn kò ràn, lè fa ìsoríkọ́ àti ìṣìnwín. Ẹ má dá oògùn ikọ́ ife dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín lójú ẹsẹ̀.

Fún èémí tí ń já lójijì: ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ gbé ìgúnpá lé itan. Ẹ fi imú mí wọlé kí ẹ ka 4, ẹ fún ètè pọ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná, ẹ mí jáde kí ẹ ka 6. Ìmí 6 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ìṣẹ́jú 5 sì ti tó. Oògùn oorun àti ọtí kò dára fún àìróorunsùn nígbà yìí, nítorí wọ́n máa ń dín agbára èémí kù lóru.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àárẹ̀ ẹ̀yìn àìsàn ni, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: bóyá ẹ̀jẹ̀ kò tó, bóyá ṣúgà ga, bí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ọ̀dì ṣe ń ṣiṣẹ́, àti kòkòrò HIV. Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ yẹ kó mú kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ife. Bí àmì àìsàn kò bá lọ, kí wọ́n tún ya fọ́tò àyà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ìka láti wo ọ́síjìn wúlò, àmọ́ kì í fi gbogbo ìgbà sọ òótọ́ fún aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ni iye ìgbà tó ń ka ọ́síjìn àwọn aláwọ̀ dúdú pé ó tó nígbà tí kò tó, tí a bá fi wé ti aláwọ̀ funfun. Tí ẹ̀rọ bá ní dáadáa ni, tí ẹni náà kò sì lè parí gbólóhùn kan láìmí gúlegúle, ẹ gba ẹni náà gbọ́. Àyà dídùn, ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dùn, dídákú: èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ má ní kí ẹni náà wá "gbìyànjú" odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí 2 tàbí 3, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín wọn, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ẹ tó fi kún un. Bí ẹ bá rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé, ẹ bi í ní Ọjọ́rú.

Ohun tí a wá ń bẹ ilé ìwòsàn gbogbo fún kò le. Lórí ìwé tí ẹ fi ń dá aláìsàn sílẹ̀, lẹ́yìn orúkọ oògùn, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sí i: pé àárẹ̀ lè gba oṣù 6, pé bí iṣẹ́ kékeré bá ń wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kó dín in kù kó sì padà wá, àti ọjọ́ tí ẹ máa pè é. Ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ 6, ẹ tún pè é ní ọ̀sẹ̀ 12. Tó bá gbé fóònù, ẹ má kàn bi í pé ṣé ara ti le, torí "a dúpẹ́" ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé kí ló ṣe lánàá, báwo sì ni ara ṣe rí lónìí.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀yìn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró